Òfin Wà, Koríko Dà?

Ẹni tó bá gba títì Ọ̀yọ́ jáde kúrò ní Ìbàdàn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un bí ilẹ̀ ṣe ń rí nígbà náà. Láti Òjóò dé Ṣáṣá, láti ibẹ̀ lọ dé Mọníyà àti Akínyẹlé, gbogbo koríko ti gbẹ, iná ìgbẹ́ ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí iná sì ṣẹ́ kù ti le bí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni màlúù ń wọ oko ẹ̀gẹ́, tí olóko ń kígbe, tí darandaran ń sá, tí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí lẹ́nu àwọn àgbà ń di ti àdá àti ìbọn. Nígbà náà ni oníkálukú yóò wá máa béèrè pé: òfin tí ìjọba ṣe ńkọ́?

Òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2016. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tiwa ní ọdún 2019, ó sì ka fífi ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹ̀bìbì, ọdún 2021, àwọn Gómìnà ìpínlẹ̀ Gúúsù péjọ ní Asaba, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Inú wa dùn sí i nígbà náà, a kò sì tíì yí ohùn padà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Òfin tó bá ní kí màlúù dúró sójú kan, òfin oúnjẹ màlúù ni. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kò gbọ́ èdè òfin, ebi nìkan ni ó gbọ́. Bí a bá sì ti lé e kúrò nínú igbó, a ti jẹ gbèsè koríko, yálà a gbà bẹ́ẹ̀ tàbí a kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò gbèsè náà. Màlúù tó wọn 250 kílò yóò jẹ nǹkan bíi kílò 6 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Mẹ́wàá yóò jẹ 60. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ títí dé ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, tí í ṣe nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́, ẹran mẹ́wàá náà yóò ti jẹ 7,200 kílò, èyí tó lé ní tọ́ọ̀nù 7. Mẹ́wàá péré nìyẹn. Ọ̀pọ̀ agbo ni ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo ni koríko náà wà? Ta ni ó gbìn ín? Ta ni ó gé e, tí ó sá a sóòrùn, tí ó dì í, tí ó sì kó o sábẹ́ òrùlé?

Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní: ta ni í gbin koríko? Ṣé koríko kọ́ ni àwọn baba wa fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ro? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọkọ́ àti àdá tí a jogún, nítorí koríko ni a ṣe rọ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n koríko tó hù fúnra rẹ̀ láàárín iṣu ni ọ̀tá àgbẹ̀. Èyí tí a yàn, tí a gbìn, tí a sì gé nígbà tó yẹ, ohun ọ̀gbìn ni gẹ́gẹ́ bí àgbàdo. Hẹ́kítà kan irú oko bẹ́ẹ̀, tí í ṣe nǹkan bí éékà méjì àbọ̀, lè mú tọ́ọ̀nù 4 koríko gbígbẹ wá bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ óò rí i pé hẹ́kítà méjì yóò bọ́ ẹran mẹ́wàá wa yẹn la ẹ̀ẹ̀rùn já.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oko koríko kì í wà bí a ṣe gbìn ín. Bí a ti ń gé e lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tín-ín-rín sí i. Àlàfo a yọ níhìn-ín, ẹkan a wọlé lọ́hùn-ún, igi-koríko tí àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú a sì gba ìyókù. (Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti fà á tu rí yóò gbà pé orúkọ náà bá a mu.) Nígbà tí oko bá ti dà báyìí, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí a mú katakata wá, kí a túlẹ̀ náà pátápátá, kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Owó tó máa gbà kò kéré, òjò ńlá àkọ́kọ́ a sì máa wọ́ ilẹ̀ tí a tú náà lọ sódò. Èkejì ni kí a fi koríko tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí a gé e mọ́lẹ̀, kí a sì gbin irúgbìn tuntun sáàárín rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni ó rọrùn jù lójú, òun náà sì ni ó máa ń dójú ti ènìyàn bí kò bá ní irinṣẹ́.

Ẹni tí ń kọ ìwé yìí mọ̀ ọ́n nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, a ní ọgbà ẹran kékeré kan àti oko koríko tó ti di ògbólógbòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kó irúgbìn lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní kí a fún un sórí koríko náà. A sì fún un bí afúnrúgbìn inú Bíbélì, a ń fi ọwọ́ fọ́n ọn sọ́tùn-ún sósì, a ń kọrin. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, inú wa dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó hù kò tó ohun tí ewúrẹ́ kan yóò jẹ tán láàárọ̀. Àdàbà jẹ díẹ̀, èèrà kó díẹ̀, ìyókù dúró sórí ewé àti pàǹtí títí tí oòrùn fi pa á. Ilẹ̀ wà lábẹ́, irúgbìn wà lókè, wọn kò sì pàdé.

Ohun tí ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn ń ṣe kò ju kí ó mú àwọn méjèèjì pàdé lọ. Àpótí kan wà lókè rẹ̀ tí irúgbìn ń gbé. Abẹ́ róbótó wà níwájú tí ń la koríko kọjá, tí ó sì ń fa ojú ilà tóóró sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Irúgbìn a gba inú ọ̀pá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bọ́ sójú ilà náà, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn a sì tẹ ilẹ̀ padà lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àrà tuntun. Jethro Tull ti ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1701, àwọn ará Ṣáínà sì ti ń lo tiwọn ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwa ará ìhà Ṣáṣá. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, tí gbogbo ayé ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, kò jìnnà sí wa rárá. Ibẹ̀ ni Rattan Lal ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1970, tí ó fi hàn pé ilẹ̀ tiwa yìí ń ṣe dáadáa bí a bá gbin nǹkan sínú rẹ̀ láìtú u, tí a sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Ní ọdún 2020 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ibẹ̀ náà ni Ray Wijewardene, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Sri Lanka, ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan láàárín ọdún 1970 sí 1980, èyí tí ènìyàn kan lè fi ọwọ́ tì, tí ẹnu rẹ̀ sì ń gún irúgbìn wọ ilẹ̀ bí ó ti ń yí lọ. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni ó ṣe é fún, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ọgbọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa láti ìgbà tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí kò tíì délé ayé.

Irúgbìn wo ni a óò fi sínú ẹ̀rọ náà? Koríko nìkan kò tó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ohun tí ń mú ara le nínú koríko ìgbẹ́ a máa wálẹ̀ sí abẹ́ ìdá 7 nínú 100, ẹran tó bá sì ń jẹ irú èyí nìkan yóò máa jẹun, yóò máa rù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà kún un. Èyí tí a gbìn jù ní Nàìjíríà ni Stylosanthes. Ó ń fi gbòǹgbò rẹ̀ sọ afẹ́fẹ́ di ajílẹ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Láti ìparí ọdún 1970 sókè ni ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà, ILCA, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn Fúlàní ìhà Kàdúná gbìn ín. Wọ́n sọgbà yí hẹ́kítà 4 ká, wọ́n jẹ́ kí màlúù sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí pátákò wọn lè tú ojú ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún irúgbìn. Èèpo irúgbìn náà le, omi gbígbóná ni a fi ń rọ̀ ọ́ kí a tó gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé pé àrùn kan tí ń jó ewé bá àwọn oríṣi kan jà gidigidi. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin oríṣi kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ náà dára, ẹran tó jẹ ẹ́ sì fúnni ní wàrà ju àwọn yòókù lọ. Kí ló dé tí kò fi tàn kálẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ yóò yé ọmọ Yorùbá ju bí ó ti lè yé òyìnbó tó ṣe ìwádìí lọ. Fúlàní kò ní ilẹ̀. Ẹni tí kò nílẹ̀ kì í gbin ohun tí ó máa wà títí, onílẹ̀ náà kò sì ní gbà fún un. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti rí ní Akínyẹlé, Lágelú àti Ẹ̀gbẹ́dá. Àlejò lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dá a láṣà láti gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, ẹjọ́ dé, nítorí igi tí kì í kúrò lórí ilẹ̀ ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Oko koríko tó máa wà fún ọdún márùn-ún, tí a sì ń tún irúgbìn fún sínú rẹ̀, ojú kan náà ni onílẹ̀ yóò fi wò ó. Bí a bá sì ń dúró de ìgbà tí darandaran yóò gba ilẹ̀ kí ó tó gbin koríko, a óò dúró títí, ìjà yóò sì máa lọ ní tirẹ̀.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ó gbin koríko náà. Ọmọ Ṣáṣá, ọmọ Mọníyà, ọmọ Lálúpọn tó ní éékà márùn-ún tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ ní àjẹgbó, kí ó fi í ṣe oko koríko, kí ó sì tà á ní ìdì-ìdì fún ẹni tó ni màlúù. Ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran kò wọ oko rẹ̀. Owó ni ó wọlé. Olóko àti darandaran tí wọ́n ń pàdé ní àgọ́ ọlọ́pàá yóò máa pàdé lórí òṣùwọ̀n.

Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ éékà márùn-ún kan tí yóò ra ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn fún ara rẹ̀, kò sì yẹ kí ó rà á. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ní lórí oko rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ́dún lọ. Yóò fi ọjọ́ 364 yòókù dípẹtà. Yíyá ni ó yẹ kí ó máa yá a. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àgbẹ̀ ti lówó ju tiwa lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Láti ọdún 1937 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ilẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ náà sì ní ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn tí wọ́n ń fi háyà fún àgbẹ̀, iye éékà tí o bá gbìn ni iye tí ìwọ yóò san. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Hello Tractor ti fi hàn pé àgbẹ̀ kékeré lè háyà katakata gẹ́gẹ́ bí a ti ń háyà ọkọ̀.

A mọ̀ pé ìjọba ti háyà katakata fún àgbẹ̀ rí, a sì mọ ibi tó parí sí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ a rọ̀, gbogbo ènìyàn a fẹ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹni ńlá a kọ́kọ́ lò ó, tálákà a gbà á nígbà tí àkókò bá ti kọjá. Irin kékeré kan a ṣẹ́, kò sí èyí tí a óò fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ a sì wọ ọgbà lọ dúró, kí adìẹ máa yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ti wa níhìn-ín. Ẹ má ṣe bá wa bẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀fẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá kó wá lọ́jọ́ ìpolongo, tí a fi aṣọ ẹgbẹ́ wé, tí a lu ìlù sí, kò lólúwa. Ohun tí kò lólúwa kì í rí ẹni fi epo sí i.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó yẹ kí ó ni ín. Ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, ní Gbẹ̀dun, ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ti forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ ní ọdún 1937, nígbà tí ó sú wọn kí oníkálukú máa gbé àpò kan lọ bá oníbàárà tí yóò yàn án jẹ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò kàwé tó wa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí àgbẹ̀ ogún dáwó jọ, kí ìjọba ìbílẹ̀ yá wọn ní èyí tó kù, kí wọ́n sì san án padà láti inú owó háyà. Kí awakọ̀ kan ṣoṣo máa bá ẹ̀rọ náà lọ síbi gbogbo, kí a má ṣe fi í lé gbogbo ọwọ́. Kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò lò ó sára pátákó níta gbangba bí wọ́n ti sanwó tẹ̀ lé ara wọn. Kí a sì gbá inú rẹ̀ mọ́ pátápátá kí ó tó kúrò nínú oko kan bọ́ sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Akíntọ́lá-ta-kú ni a óò máa fi háyà kiri.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí jẹ́ jù ni pé a kì í wọn ohun tó ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó, kí ẹ sì fún wọn ní ìṣirò yìí: ẹ̀rọ kan fẹ̀ ní mítà 2, ẹ̀ẹ̀kan tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá yí, ó ti rin mítà 2. Gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè, fi ọwọ́ yí i ní ìgbà 25, kí o gbe irúgbìn tó bá bọ́ sínú abọ́. Ilẹ̀ tí ìyẹn dúró fún jẹ́ 100 mítà onígun mẹ́rin, tí í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà. Bí a bá fẹ́ gbin kílò 10 sí hẹ́kítà kan, gíráàmù 100 ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́. Bí ó bá jẹ́ 200, owó irúgbìn ń ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ 30, àlàfo ni a óò ká. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan nínú oko kò tún ní béèrè ohun tí ìdá ọgọ́rùn-ún wúlò fún.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé nítorí Fúlàní ni kí a wá máa gbin koríko? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí oṣù Èrèlé ọdún 2021. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná, wọ́n ti ọjà pa. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ti dáwọ́ dúró, wọn kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí ó fi di oṣù Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ mélòó kan péré ni, síbẹ̀ gbogbo ìyálóúnjẹ ni ó mọ̀ ọ́n lápò. Ìlú tó ń jẹ ẹran tó Ìbàdàn, tí ó ní ọjà màlúù ní Akínyẹlé àti ilé ìpẹran ńlá ní Amósùn, kò gbọdọ̀ wà láìní ohun tí yóò fi bọ́ ẹran kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àtakò kan wà tó wúwo ju ìyẹn lọ, a kò sì ní fi pamọ́. Ta ni yóò fi owó ra koríko nígbà tí ọ̀fẹ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà? Kò sí. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá mú òfin ọdún 2019 ṣẹ ní ti gidi, àgbẹ̀ tó gbin koríko yóò jẹ gbèsè. Bákan náà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí koríko láti rà, ọlọ́pàá tó ń mú òfin náà ṣẹ yóò máa lé ebi kiri inú igbó ni, ebi kì í sì í gbọ́ fèrè. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì yòókù kò sí lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ibi tí kùkùté bá wà, tàbí tí ebè iṣu kò tíì wó, abẹ́ rẹ̀ yóò ṣẹ́. Ilẹ̀ títẹ́ tí a ti ṣá kùkùté rẹ̀ kúrò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ sì wà lọ́pọ̀lọpọ̀ láàárín Ṣáṣá sí Mọníyà. Òjò tó dára fún irúgbìn yìí ni ti oṣù Ẹ̀bìbì sí Òkúdu, nígbà tí ó bá ti ń rọ̀ déédéé. A óò sì gé koríko náà ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú, nígbà tí oòrùn bá ti lè gbẹ ẹ́ kí ìrì tó bà á jẹ́. Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé pe àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abẹ́ rẹ̀ jọ kí oṣù Ẹrẹ́nà tó tán. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi éékà mẹ́wàá dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ọjà Ṣáṣá yóò ti máa rí i bí ó ti ń hù.